Dúdú Rẹ̀ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Bí àpótí irin kékeré kan láti ilẹ̀ Japan bá bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ogún tàbí ohun tó rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́, àkísà àti kùríìmù ìdánrin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àpótí náà ṣú. Ó dúdú bí ohun tó ti pẹ́ lókè àjà. Lójú tiwa, irin tó ń dán ni irin tó ní olùtọ́jú: ẹ wo bọ́tìnnì ọlọ́pàá tí wọ́n fi Brasso nù, ẹ wo idẹ ojúbọ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ nígbà ọdún. Ọwọ́ a sì yá. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dúdú náà ti lọ, bàbà pupa rẹ́súrẹ́sú ti yọjú lábẹ́ rẹ̀, inú ẹni tó ń nù ún sì ń dùn pé òun ti sọ ọ́ di tuntun. Iṣẹ́ ọnà ló pa yẹn. Dúdú tó nù kúrò kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ìpẹtà, kì í sì ṣe ọjọ́ orí. Ẹni tó ṣe àpótí náà ló mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní awọ yẹn, ó sì ná an ní wúrà kí ó tó rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: awọ àpótí Japan àtijọ́ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Awọ yẹn ló ń sọ irin tí wọ́n fi ṣe é, sáà tí wọ́n ṣe é, irú ọwọ́ tó ṣe é, àti bóyá ó tọ́ kí a náwó lé e. Orúkọ tí wọ́n fín sí ìdí rẹ̀, iye tí wọ́n dá lé e, ìtàn tí ẹni tó tà á sọ, gbogbo ìwọ̀nyí ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n máa tọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń wá orúkọ kí wọ́n tó wo irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ayédèrú tí wọ́n sì ń ba ojúlówó jẹ́.

Shakudo ni àwọn ará Japan ń pe àdàlù irin tó sábà máa ń dúdú báyìí. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wúrà díẹ̀ ni wọ́n fi lù ú, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 3 sí 5 nínú 100. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, kò sí ẹni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bàbà lásán ni ojú á pè é. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni shibuichi, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé ìlànà àtijọ́ rẹ̀ ni kí fàdákà jẹ́ ìdá kan, kí bàbà sì kó ìdá mẹ́ta tó kù. Òun náà kò ní ẹwà kankan lára nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù. Inú ìkòkò ni ẹwà àwọn méjèèjì ń gbé.

Ìkòkò bàbà ni. Alágbẹ̀dẹ á kọ́kọ́ fi èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná fọ ojú iṣẹ́ náà títí kò fi ní sí ọ̀rá kankan lára rẹ̀, torí pé ìtẹ̀ka kan péré lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Á rì í sínú omi daikon, gbòǹgbò funfun gígùn tí wọ́n ti rin bí a ṣe ń rin gbágùúdá. Kí ó tó gbẹ ni á ti gbé e sínú omi gbígbóná tí wọ́n po rokusho mọ́, ìyẹn ìpẹtà bàbà aláwọ̀ ewé tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú copper sulphate, iyọ̀ búlúù kan náà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń po láti fi fín oko. Nínú omi yẹn ni irin kọ̀ọ̀kan á ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Wúrà kò ní yí padà. Fàdákà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Bàbà á pọ́n bí osùn. Shibuichi á di aláwọ̀ eérú, bí kùrukùru ìdájí. Shakudo á sì dúdú, dúdú tó ní elésè-àlùkò nínú, bí ìyẹ́ ẹyẹ ìwò tí òjò pa. Bí alágbẹ̀dẹ bá ti to àwọn irin márààrún sí ojú ìdérí kan ṣoṣo, ìkòkò kan, omi kan náà ni yóò yọ àwọ̀ gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n kùn.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi gbára lé. Awọ shakudo tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bàbà tó ti gba oxygen mọ́ra ni, pẹ̀lú wúrà tó fọ́n ká sínú rẹ̀ wẹ́wẹ́wẹ́ débi tí ojú lásán kò lè rí i. Wúrà tó wà níbẹ̀ kọ́ ni a ń wò. Ohun tí wúrà náà ṣe sí dúdú ni a ń wò. Gbogbo ayé ló ń fi wúrà ṣe ohun tó ń tàn. Àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí yọ́ wúrà sínú bàbà kí wọ́n lè rí òkùnkùn tó jinlẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ náà mọ irú àṣírí yìí, àwọn onímọ̀ sì ti rí wúrà díẹ̀ nínú àwọn ère bàbà dúdú wọn, ṣùgbọ́n Japan ni ó ti di iṣẹ́ ìdílé tó ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀. Ẹni tó bá nu awọ náà kúrò ti kó wúrà náà sínú àkísà, ó sì ti dá àpótí náà padà sí ohun tó jẹ́ kí ìmọ̀ tó fọwọ́ kàn án.

Idà ló bí iṣẹ́ yìí. Láti sáà Goto Yujo, tó ṣiṣẹ́ fún aláṣẹ ogun Ashikaga Yoshimasa ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ìdílé Goto ti ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ idà fún àwọn aláṣẹ ogun Japan láti ìran dé ìran. Ojú shakudo wọn kì í ṣófo. Nanako ni wọ́n ń fọ́n sí i, orúkọ tó túmọ̀ sí ẹyin ẹja: tótòtó kéékèèké tó yí roboto, tí wọ́n fi irin tí ẹnu rẹ̀ jin kòtò lù lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìlà tó tọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1876, ìjọba ọba Meiji ti Japan pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé idà kiri ní gbangba mọ́, àyàfi àwọn ológun, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ìjòyè nígbà ayẹyẹ. Ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ti tán lẹ́nu ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní ìmọ̀ tí kò sí irú rẹ̀ láyé, ẹni tí yóò rà á kò sì sí mọ́.

Àpótí ni ọ̀kan nínú ohun tí ìmọ̀ yẹn sá wọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ gbé awọ idà wọ ohun tí a lè gbé sórí tábìlì: àpótí tùràrí, àpótí sìgá, àpótí ohun ọ̀ṣọ́, ìkòkò òdòdó. Shoami Katsuyoshi ará Okayama, tó ti ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ idà fún ìdílé Ikeda tó ń ṣàkóso ibẹ̀, di ẹni tí a mọ̀ mọ́ kòkòrò àti ẹyẹ kéékèèké tí ó ń to sára ohun èlò débi tí wọ́n fi dà bí ohun alààyè. Kano Natsuo (1828–1898), tí idà sọ di olókìkí, ni ìjọba ké sí láti fín àwòrán owó tuntun ilẹ̀ Japan. Ó wà lára àwọn tí ààfin kọ́kọ́ fún ní oyè oníṣẹ́ ọnà ọba ní 1890, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Tokyo. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń wá ọjà kí òfin idà tó dé. Ní 1873 ó kó iṣẹ́ lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Vienna. Ní 1874 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Kiritsu Kosho Kaisha sílẹ̀ láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ sókè òkun, ó sì wà títí di 1891. Philadelphia, Paris, Chicago, ibi gbogbo ni àpótí wọ̀nyí dé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Tiffany ti New York gba ẹ̀bùn gíga jù ní Paris ní 1878 fún fàdákà tí wọ́n to bàbà àti irin aláwọ̀ mìíràn sí lára, gbogbo ènìyàn mọ ibi tí wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpótí dúdú ni shakudo. Àwọn kan wà tó jẹ́ irin gidi, òòfà á sì gbá wọn mú. Òòfà kò ní ohun tó fẹ́ fi shakudo ṣe. Ìyẹ̀wò tó rọrùn jù nìyí, tí kò ní pa àpótí lára bí ènìyàn bá rọra fi bébà sí àárín wọn. Kyoto ni iye tó dára jù nínú àwọn onírin ti wá, ilé Komai ló sì lókìkí jù nínú wọn, pàápàá lábẹ́ Komai Otojiro (1842–1917). Nunome ni wọ́n ń pe ọgbọ́n wọn, ìyẹn ojú aṣọ, orúkọ náà sì bá a mu. Alágbẹ̀dẹ á fi ṣísẹ́lì fa ìlà tín-ín-rín sí ojú irin lóòró, á fà á níbùú, á tún fà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀, títí ojú irin á fi dà bí aṣọ híhun. Wúrà tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ni á fi òòlù kàn mọ́ ọn, àwọn eyín kéékèèké yẹn á sì bù ú ṣán. Lẹ́yìn èyí ni á jẹ́ kí irin náà dógùn-ún! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Á fi oògùn mú kí ó dógùn-ún yíká, á sè é nínú omi ewé tíì kí ìdógùn-ún náà lè dúró síbi tó dé, á fi oje igi urushi bò ó, á yan án lórí iná, á sì wá rọra fá a títí wúrà á fi yọ padà láàárín dúdú. Ẹni tó bá fi oògùn ìdógùn-ún nu àpótí Komai ń gbìyànjú láti wo àìsàn tí oníṣẹ́ náà fi dá a lọ́lá.

Àwọn kan máa ń pe iṣẹ́ Sípéènì ní Japan, wọ́n sì ń pe ti Japan ní Sípéènì, nítorí pé ní Eibar àti Toledo pẹ̀lú, wọ́n ń kan wúrà mọ́ irin dúdú lọ́nà tó jọ ọ́. Placido Zuloaga (1834–1910) ló gbé ti Eibar ga jù. Àwòrán ni yóò yà wọ́n. Ti Sípéènì fẹ́ràn ewé tó ń lọ́ mọ́ra wọn àti ọnà àwọn Mùsùlùmí Andalusia. Ti Komai máa ń ní fèrèsé kékeré tí a ti ń wo tẹ́ńpìlì, adágún omi, òkè Fuji tàbí ẹyẹ nínú igi, tí ọnà bí aṣọ olówó iyebíye, ìrísí kan tẹ̀ lé òmíràn, á sì yí fèrèsé náà ká láìsí àlàfo tí ìka lè dúró sí. Bí àlàfo bá pọ̀, tí wúrà fẹ́lẹ́, tí tẹ́ńpìlì kan náà ń wà lórí gbogbo àpótí tí a bá rí, àwọn àlejò arìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún nígbà tí ọ̀rúndún ogún ti wọlé dáadáa.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kò sí dúdú tó jẹ́ ìdọ̀tí rárá ni? Ó wà. Fàdákà máa ń ṣú fúnra rẹ̀, ó máa ń pọ́n bí omi tíì kí ó tó dúdú, àpótí fàdákà Japan sì pọ̀. Ìbéèrè yìí tọ́, ìdáhùn rẹ̀ ló sì wúlò jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo lè sọ lórí bí a ṣe ń dá àpótí mọ̀. Dúdú tí ọwọ́ ṣe mọ ààlà. Á dé etí ìyẹ́ ẹyẹ, á dúró gbọin. Wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mọ́ kedere, kò ní ràn wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni yóò rí láti igun dé igun, àti ní etí ìdérí níbi tí ọwọ́ kì í dé. Dúdú ti ìdọ̀tí kò mọ ààlà. Á gun orí ẹyẹ, á gun orí ewé, á ṣú jù níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń kàn, á fi ibòmíràn sílẹ̀, á sì kó sí àárín ihò ọnà bí ẹrẹ̀. Awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó láti fi mọ ìyàtọ̀ méjì yìí. Bí ó bá sì jẹ́ fàdákà ni, a lè rí àmì jungin, ìkọ̀wé méjì tó túmọ̀ sí fàdákà tí kò ní àbùlà, tàbí, láti 1929 wá, òǹtẹ̀ ilé ìrọwó ìjọba Japan tó ní àsíá pẹ̀lú iye fàdákà inú rẹ̀. Àwọn àpótí fàdákà kéékèèké tí ààfin máa ń fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ nígbà ayẹyẹ, bí ayẹyẹ ọdún 25 ìgbéyàwó ọba Meiji ní 1894, wà nínú ìsọ̀rí yìí.

Àpótí tó wọ́pọ̀ jù nínú ọjà kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Àpótí antimony ni: òjé àti antimony tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú ohun tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, tí wọ́n sì fi fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Tokyo ló ti pọ̀ jù. Ó wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ. Dírágónì tàbí òkè Fuji á yọ gọngọ lórí ìdérí rẹ̀, igi tàbí aṣọ á wà nínú rẹ̀ fún sìgá tàbí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ fi ìka tọ etí dírágónì náà: ó rọ̀, ó yí roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, nítorí pé ṣísẹ́lì kò kàn án. Níbi tí fàdákà rẹ̀ ti jẹ, eérú tó kú ni ẹ óò rí, kì í ṣe bàbà. Mi ò pe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní ìdọ̀tí. Ó ní ìtàn tirẹ̀, ó sì lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó dùn mí ni kí wọ́n máa ta á fún ènìyàn ní owó idà samurai.

Ìdí irú àpótí wọ̀nyí ni òǹtẹ̀ ti wúlò jù. Òfin owó orí ọjà tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891, ní kí gbogbo ọjà òkèèrè máa ru orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Nippon ni wọ́n sábà ń kọ títí di 1921, tí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà fi ní Japan ni àwọn ń fẹ́. Èyí tó bá ní Occupied Japan lára, sáà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń ṣàkóso ibẹ̀ lẹ́yìn ogun ni, sáà náà sì parí ní 1952. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àpótí tí kò ní òǹtẹ̀ ti ṣáájú 1891. Òfin Amẹ́ríkà kò de èyí tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí èyí tí kò kúrò ní Kyoto, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí àpótí sì ti re dànù lára ọ̀pọ̀.

Ní báyìí, orúkọ. Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ nìyí: bí orúkọ oníṣẹ́ bá wà nídìí àpótí, kí la tún ń fi awọ ṣe? Ẹ jẹ́ kí á ka orúkọ, kí á wò ó nínú ìwé, kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ará Japan fúnra wọn ló dá a lóhùn tipẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, gimei, fún orúkọ irọ́ tí wọ́n fín sára idà àti ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní wà bí ohun tó ń pè kò bá wọ́pọ̀. Ó rọrùn láti fín ìkọ̀wé mẹ́rin ju kí a fọ́n nanako ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ ní ìlà tó tọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, orúkọ náà lè jẹ́ òtítọ́ kí ó má sì sọ ohun tí a rò. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni Komai jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ àpótí, níbi tí ọwọ́ púpọ̀ ti ṣiṣẹ́: ẹni tó dá irin, ẹni tó fa ìlà, ẹni tó kan wúrà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni pé àpótí dáadáa tí kò ní orúkọ pọ̀, ẹni tó ń wá orúkọ nìkan á sì gbé wọn sílẹ̀ fún ẹni tó mọ irin. Mi ò ní kí a má ka orúkọ. Kí a kà á lẹ́yìn tí awọ bá ti jẹ́rìí, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹlẹ́rìí kejì láti mọ̀ bóyá ó bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí àpótí igi kiri tó bá a wá láti ilé bá ṣì wà, tí oníṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí ìdérí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹlẹ́rìí kẹta nìyẹn, kí a má jù ú nù torí pé igi lásán ni.

Àtakò mìíràn máa ń wá láti ẹnu àwọn tó fẹ́ràn Japan gan-an. Wọ́n ní ọjà àwọn òyìnbó ni àpótí Meiji, pé ọnà ti pọ̀ jù lára rẹ̀, pé Japan tòótọ́ wà nínú abọ́ amọ̀ tíì tí kò ní ọnà kankan. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: àpótí Komai kan kò mọ ohun tí a ń pè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka awọ kò lè gba gbogbo rẹ̀. Kò sí òyìnbó tó kọ́ Goto ní shakudo. Nanako tó wà lórí àpótí sìgá tí wọ́n tà ní Paris, ẹ̀yà nanako tó wà lórí idà àwọn aláṣẹ ni, láti ọwọ́ àwọn tí bàbá wọn ṣe é fún idà. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń rà á àti ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Japan pàápàá ti dá ẹjọ́ náà: ní 2000 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kiyomizu Sannenzaka sílẹ̀ ní Kyoto fún iṣẹ́ ọnà sáà yìí, ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ló sì jẹ́ èyí tí wọ́n ní láti lọ rà padà láti òkèèrè. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò ìwé ọkọ̀ òfuurufú láti rí irú rẹ̀, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert, ẹnikẹ́ni kì í sì gba owó ìwọlé.

Àwọn tó gba ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́ lè sọ pé ojú lásán kò tó, kí a gbé ẹ̀rọ X-ray wá kí ó sọ iye wúrà tó wà nínú bàbà náà. Mo gbà pé ó wúlò, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ń lò ó, kò sì ń ba awọ jẹ́. William Gowland, onímọ̀ irin ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìrọwó Osaka láti 1872 sí 1888, ti fi ìmọ̀ ẹ̀rọ sáà tirẹ̀ yẹ àwọn àdàlù Japan wò, àwọn tó tẹ̀ lé e sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á sọ pé wúrà ìdá 4 wà níbẹ̀, kò ní sọ bóyá ọwọ́ rere ló gbẹ́ ẹ. Bí ẹnìkan bá tún sọ pé, tí ó bá jẹ́ pé ìkòkò ló fún un ní awọ, kí wọ́n tún un sè nígbà tí awọ bá lọ, ìdáhùn mi ni pé àwọn oníṣẹ́ ṣì wà ní Japan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ojú irin tó gba awọ tuntun, wọ́n ní láti fá a mọ́, fífá yẹn á sì gbé ìlà tó tín-ín-rín jù lọ, ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹnu ológbò, eyín koríko. Awọ á padà, àwòrán kò ní padà tán.

Àwòrán náà kò sì ṣeé yà kúrò lára awọ, nítorí pé irin ni wọ́n fi ń ronú. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ òru, kò ní kun òru. Á mú shibuichi, eérú rẹ̀ á sì di ojú ọ̀run tí kùrukùru bò. Òṣùpá á jẹ́ fàdákà. Ẹyẹ ìwò tó bà lé ẹ̀ka á jẹ́ shakudo, ojú rẹ̀ á sì jẹ́ wúrà kíún. Ewé tó ń pọ́n nígbà ìkórè á jẹ́ bàbà. Koríko susuki pẹ̀lú ẹyẹ àparò ń sọ fún ará Japan pé ìgbà ìwọ́wé ni. Àkọ̀ tòun ti ìjàpá ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ẹni tí wọ́n fi àpótí ta lọ́rẹ. Òdòdó kiku onípétálì 16 jẹ́ àmì ààfin, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ohun tí ààfin kò rí rí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi òun nìkan pe àpótí ní ti ọba. Bí a bá nu irú ìdérí bẹ́ẹ̀, ẹyẹ, òru àti ewé á di àwọ̀ kan náà, pupa bíi kọ́bọ̀ tuntun. Òṣùpá nìkan ni yóò kù, kò sì ní sí òru tó máa tàn sí.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ní wàhálà. Aṣọ òwú gbígbẹ tó rọ̀, ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, ibi tí kò lọ́rinrin, tí oòrùn kò sì ti ń ràn lé e, ó tán. Kí a má fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, ọṣẹ tàbí oògùn ìdógùn-ún sún mọ́ ọn. Kí a fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí èyí tí ọwọ́ rere ṣe máa ń bọ́ sí ipò bí ẹni tó ń mí.

Bí wọ́n bá sì ti nu ú ṣáájú kí ó tó dé ọwọ́ wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àpótí tó wà lọ́jà lónìí, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo abẹ́ etí rẹ̀, ibi tí ìdérí ti so mọ́ ara àpótí, àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí ìka tó mú àkísà kò lè wọ̀. Dúdú díẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀, tó fẹ̀ bí èékánná, tí elésè-àlùkò ń yọ lára rẹ̀ bí a bá rọra gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.